Ẹ̀rọ Tó Ń Fetí sí Ẹ̀jẹ̀

Bí ẹ bá gbé ẹni tí kò lè mí dáadáa dé ọsibítù, ẹ̀rọ kékeré kan ni nọ́ọ̀sì máa ń há mọ́ ọn ní ìka, bí ẹni fi péègì há aṣọ sórí okùn. Láìpẹ́, nọ́ńbà á yọ: 97, tàbí 98. Ìyẹn ni pé nínú ìjókòó 100 tí ọ́síjìn ní nínú ẹ̀jẹ̀, ó ti kún 97. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Báwo ló ṣe mọ̀?

Iná méjì ló ń gba inú ìka kọjá: ọ̀kan pupa, èkejì kò hàn sójú ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí iná pupa kọjá, èkejì ló ń gbé mì. Èyí tí ọ́síjìn ti tán nínú rẹ̀ ń ṣe òdìkejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé awọ, ẹran àti egungun náà ń gbé iná mì.

Ẹnjiníà kan ní Japan, Takuo Aoyagi, ló tú kókó yìí. Kì í ṣe ọ́síjìn ló ń wá. Ó ń fi iná wọn bí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, ìlà tó ń wò á gbọ̀n, á ba iṣẹ́ jẹ́. Ó fi iná kejì sí i láti pa gbígbọ̀n náà rẹ́. Ó rẹ́ lóòótọ́, àfi ìgbà tí ọ́síjìn bá yí padà. Ohun tó fẹ́ dà nù gan-an ló ń ròyìn ọ́síjìn! Awọ kì í lù, egungun kì í lù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀ ló ń lù. Ní 1974 ló gbé e síwájú àwọn onímọ̀. Títí dòní, ẹ̀rọ náà á yọ ohun tó dúró sójú kan kúrò, á mú èyí tó ń lù, á fi ti iná pupa wé ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹ má mi ọwọ́. Kútẹ́ẹ̀sì, làálì àti ìka tútù náà ń dà á láàmú.

Kí ìfiwéra yẹn tó di nọ́ńbà, ẹ̀rọ á wo ìṣirò tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n rí lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìdánwò. Aláwọ̀ funfun ló sábà pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé iye ìgbà tí ẹ̀rọ yìí kò rí i pé ọ́síjìn aláìsàn ti lọ sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Awọ tiwa nìyẹn, ó sì dùn mí.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa, bí nọ́ńbà bá ní 94 tí àyà ọmọ sì ń fà wọnú, ẹ jọ̀wọ́, àyà ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò.