Òkè tí ó wà Lẹ́yìn Ọkọ̀: Àwòrán Ilẹ̀ Èkìtì fún Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Tábìlì

Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin kékeré tí àwọn àgbàlagbà ń fi ṣeré lórí tábìlì. Kì í ṣe ọkọ̀ náà gan-an ni ó gbé mi dìde, bí kò ṣe àwòrán tí a máa ń fi sí ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri. Ní ojú tèmi, ọmọ ìyá ni àwòrán yìí àti ohun tí àwa ń pè ní ibùdó ìtàn.

Ojú irin kò dé Èkìtì rí. Láti Èkó ni wọ́n ti tẹ́ ẹ wá. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá dé Jẹ́bà ní 1909. Ẹ wá wò ó: odò Ọ̀ṣun, tí orísun rẹ̀ wà ní Ìgèdè níhìn-ín, ṣàn lọ sí Òṣogbo, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, àwa tí a ni orísun kò rí ọkọ̀. Ará Èkìtì tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti jáde kúrò ní ilẹ̀ Èkìtì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tẹ́ ojú irin kékeré wọ Ìgèdè lórí tábìlì, àròsọ ni ó ń kọ. Èrò tèmi ni pé bí ọkọ̀ bá ti jẹ́ àròsọ, dandan ni kí òkè tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bí méjèèjì bá jẹ́ àròsọ, ibikíbi ni a wà.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí a kò fi amọ̀ mọ òkè náà sórí tábìlì. Ìṣirò ni yóò dá a lóhùn. Nínú ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, ohun gidi jẹ́ ìlọ́po 87 ti kékeré. Tábìlì tí ó gùn ní mítà 2 kò lè gbà ju mítà 174 ilẹ̀ gidi lọ. Òkè tí ó jìnnà sí ojú irin ní kìlómítà kan yóò nílò mítà 11 ààbọ̀. Yóò ti la ògiri yàrá kọjá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Kíkùn ni a ó kùn ún.

Níbí ni àwòrán ilẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wúlò. Google Earth, tí ó jáde ní 2005, gbà wá láàyè láti sọ ojú kalẹ̀ láti òfuurufú títí yóò fi dé ibi tí ojú ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà máa ń wà, kí a sì wò yíká. Ìlà orí àwọn òkè yóò yọ, a ó sì dà á kọ. Lára irú ìwọ̀n tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ báyìí ni èyí tí ọkọ̀ òde ayé Endeavour fi ọjọ́ 11 wọ̀n ní oṣù Kejì ọdún 2000. Ṣùgbọ́n nǹkan bí mítà 30 ni àlàfo ojú ìwọ̀n kan sí èkejì. Nítorí náà, àpáta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, irú Olósunta ní Ìkẹ́rẹ́, máa ń rọ̀ bí ebè tí òjò pa. Wọ́n ní láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá. Ó burú kí ó jẹ́ òkìtì wa gan-an ni ẹ̀rọ yóò rẹ̀ sílẹ̀.

Fótò ni a fi ń tún un ṣe, fótò náà sì ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́kọ́ dán an wò, wọ́n lẹ fótò mẹ́fà pọ̀. Ní apá òsì, ọyẹ́ ti mú koríko gbẹ. Ní apá ọ̀tún, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ewé tutù yọ̀yọ̀. Òjìji igi kan na ìlà-oòrùn, ti èkejì na ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn méjì lọ́jọ́ kan! Mo bi wọ́n pé inú oṣù wo ni ìtàn wọn wà. Wọn kò tíì rò ó. Bí ọkọ̀ náà bá sì jẹ́ ti 1910, a ní láti pa òpó tẹlifóònù alágbèéká rẹ́, kí a ṣí ọ̀pọ̀lọpọ̀ páànù, kí a sì bi àwọn àgbà pé kí ni ó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà kí kòkó tó dé. Fótò kò mọ ìyẹn.

Nípa iṣẹ́ ọwọ́, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohun tí ó jìnnà gbọ́dọ̀ ṣì, kí ó sì fẹ́ jọ àwọ̀ ojú ọ̀run. Bébà tí kò dán ni kí a lò. Kí a sì fi igbó kékeré bo ibi tí tábìlì ti pàdé ògiri. Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ní olówó: ẹni tí yóò tà á gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé fótò nìkan ni òótọ́. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, gbé Lánkẹ́ Ọ̀mùtí sórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963, tí Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé, kò sí òǹwòran tí ó béèrè fótò igbó kí ó tó gbà pé inú igbó ni Lánkẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n tẹ́ bébà tiwa síwájú yín báyìí. Òkè kẹta láti ọwọ́ òsì kò ní orúkọ nínú àwòrán ilẹ̀ kankan tí a rí. Orúkọ méjì ni wọ́n sọ fún wa ní àdúgbò méjì, a sì fi pẹ́ńsù kọ méjèèjì sí ẹ̀yìn bébà. Ẹ̀yin ará Ìgèdè, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó dúró dè wá lẹ́yìn ìpàdé, kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.