Ìjàkadì Ilé àti Òkìkí Òkè-Òkun



Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl tí ń jẹ́ Oumar Kane; Reug Reug ni àwọn ará ìlú rẹ̀ ń pè é. Ìjàkadì ilẹ̀ wọn, èyí tí í jẹ́ laamb, ni ó kọ́kọ́ fi di olókìkí. Ìjà náà jọ ti àwọn baba wa: ìlù ń dún, ońdè ń bẹ lára àwọn ajàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì kan ilẹ̀, ìjà ti tán fún un.

Ní ọdún 2019 ni ó bọ́ sínú ìjà olówó ti ìgbàlódé, nínú èyí tí a ń kan ẹ̀ṣẹ́, tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ni, tí a sì ń gbé ni ṣánlẹ̀. Ní 2021 Kirill Grishenko ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà lẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní Bangkok, ó dojú kọ Anatoly Malykhin ará Rọ́ṣíà, ẹni tí kò tíì sí ẹni tí ó dá a rí. Ìpele márùn-ún ni wọ́n jà. Adájọ́ méjì nínú mẹ́ta dá Kane láre, ó sì gba ipò olórí àwọn abara-wúwo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Rikidozan ní Jàpáànì, ẹni tí ó fi ìjà sumo sílẹ̀ ní 1950, tí ó sì di àgbà nínú ìjàkadì olówó.

Ọgbọ́n ilé ni àwọn méjèèjì kó lọ. Ṣùgbọ́n ilé náà ti tọ́jú ọgbọ́n náà dè wọ́n. Sẹ̀nẹ̀gàl dá ìgbìmọ̀ ìjàkadì sílẹ̀ ní 1994. Ní 2018 wọ́n ṣí pápá ìjàkadì ńlá kan ní Pikine, lẹ́bàá Dakar.

Àwa ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ní Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu mọ orúkọ àwọn ajàkadì Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n ní ẹyọ ọ̀nà kan tí àwọn baba wa fi ń dá ara wọn, wọn yóò dákẹ́. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n sì ń lọ.

Nítorí náà mo dábàá pé nígbà Ọdún Lísàbi, kí ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó àwọn ọ̀dọ́ wọn jáde fún ìjàkadì, kí a sì kọ orúkọ àwọn ọ̀nà náà sínú ìwé. Ìlú tí kò bá tọ́jú ìjàkadì tirẹ̀, owó ni yóò máa san láti wo ti ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́run ran ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́wọ́.