Ọmọ Ọ̀dọ̀ àti Owó Òfin ní Kumasi

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ la mú wá lónìí. Òfin iṣẹ́ tí Gánà ṣe lọ́dún 2003 fi gbèdéke sí wákàtí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yọ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀. Ọdún 2020 ni ìlànà tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀, kí wọ́n ráyè sinmi, kí owó wọn má sì dín sí iye tí ìjọba là kalẹ̀. Lọ́dún 2025, sídì 19.97 ni iye náà lójúmọ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù lọ́dún yẹn, ó yẹ kó gba tó sídì 519.

Bí òfin ti wà yìí, níbo wá ni wàhálà wà? Inú ilé onílé ni. Ta ni yóò kan ilẹ̀kùn ní àdúgbò Ahodwo ní Kumasi láti bèèrè iye tí ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ ń gbà? Ọ̀pọ̀ ni wọn kì í tilẹ̀ pè ní òṣìṣẹ́. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti abúlé” ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyáálé ilé á ní òun ń bọ́ ọmọ náà, òun ń raṣọ fún un. Ó dáa, àmọ́ oúnjẹ kì í ṣe owó oṣù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí.