Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Ìránṣọ Alágbèéká: Iṣẹ́ Tí Owó Tọ́ Sí

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ní igun yàrá. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń fi í jẹun, ó lè jẹ́ aya yín, tàbí ẹlẹgbẹ́ yín tí ilé-iṣẹ́ dá dúró, tí ó ń fi aṣọ rírán gbọ́ bùkátà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìtọ́jú ẹ̀rọ náà jẹ́ ara iṣẹ́, ó sì yẹ kí a máa ṣírò rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìlú Tamale, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ó ń ṣòwò níbẹ̀ kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣọ tí a mọ ìlú náà mọ́ ni fúgù, tí àwọn mìíràn ń pè ní bàtàkárì. Bí aṣọ òkè tiwa, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún, kí a tó rán an pọ̀. Àwọn kan ń fi ọwọ́ rán an, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ. Aṣọ náà nípọn. Bí ọyẹ́ bá sì dé, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, eruku aṣálẹ̀ a gba ìlú kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin tàbí Ṣakí náà mọ irú eruku yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni eruku ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ní. Oríṣi alágbèéká méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, irú èyí tí àwọn ọbíọmà ń gbé lé èjìká kiri Èkó. Kì í dúró de iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ó wúwo, nítorí irin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èkejì ni oníná. Bí ẹ bá ra tòkúnbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo iye fóòtì tí a kọ sí i lára. Nǹkan bí 120 ni tiwọn, 230 ni tiwa àti ti Ghana. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa láìlo ẹ̀rọ tí ń dín agbára iná kù, mọ́tò rẹ̀ yóò jóná.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yọ iná ẹ̀rọ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá òwú àti eruku kúrò nínú ilé bọ́bìn àti lára eyín tí ń fa aṣọ. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí ọ̀rinrin èémí a máa mú irin dípẹtà. Gbígbá ni kí ó ṣáájú òróró. Eruku tí a da òróró lé lórí a di ẹrẹ̀ tí ń jẹ irin. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó mọ́ bí omi ni kí ẹ lò, ẹ̀kán kan fún ihò kọ̀ọ̀kan. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà a máa ki mọ́ ẹ̀rọ lára. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ rán àkísà, kí òróró má baà ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Àwọn oníná tuntun kan wà tí a kì í da òróró sí. Ẹ ka ìwé wọn. Abẹ́rẹ́ 11 ni fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 14 fún àǹkárá, 16 tàbí 18 fún fúgù àti aṣọ òkè. Bí abẹ́rẹ́ bá ti tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ da aṣọ bo ẹ̀rọ.

Ẹ wá jẹ́ kí á ṣírò. Bí ìtọ́jú yìí bá gba ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, wákàtí 78 ni lọ́dún: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́wàá oníwákàtí mẹ́jọ. Ta ni ń san owó rẹ̀? Ní ọdún 1996, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, ILO, ṣe Àdéhùn 177 lórí iṣẹ́ tí a ń ṣe nílé fún agbanisíṣẹ́. Ìmọ̀ràn 184 tí ó bá a rìn sọ pé ó yẹ kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba owó iná àti owó ìtọ́jú ẹ̀rọ padà, kí a sì san owó àkókò tí ó fi tọ́jú rẹ̀. Ìmọ̀ràn kì í ṣe òfin; ẹgbẹ́ ni yóò fi ẹnu kan sọ ọ́ di àdéhùn. Ẹni tí ó ní oníbàárà tirẹ̀ ni kí ó fi kún iye tí ó ń dá lé aṣọ.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ owó òróró, owó abẹ́rẹ́ àti ìṣẹ́jú ìtọ́jú sí i fún oṣù kan gbáko, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé ẹ̀ka yín. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò ní kò ṣẹlẹ̀.