Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa: ó tan, kò ṣí
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

Akọ̀wé ní kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, torí àwọn kan ti ń sọ pé mo bà á jẹ́. N ò bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé tòkúnbọ̀ ni, àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀n ló fi ránṣẹ́. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dá ìtọ́jú ìyẹn dúró, Windows 11 ò sì gba ẹ̀rọ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo bá fi Ubuntu sí i, torí ọ̀fẹ́ ni (ọmọ Ìjẹ̀bú ṣáà ni wá). Akọ̀wé kó orúkọ àwọn ọmọ tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ lórí owó ilé-ìwé padà sínú ẹ̀. Flash tí ẹ̀dà kejì wà, ó yá ẹnì kan. Fíìmù ló kún inú flash náà nígbà tó padà dé.

NEPA mú iná lọ lálẹ́. Láàárọ̀, a tan ẹ̀rọ, ojú ẹ̀ dúdú, ó kọ "No bootable device". Oníṣẹ́ tí a pè ní ká tún Ubuntu fi sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà ti ń wá flash mi. Akọ̀wé ló di ọwọ́ mi mú: "Bọ̀ọ̀dá, orúkọ àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?" Òótọ́ ni. Tí ẹ bá ti mú "Erase disk", ó parí nìyẹn.

Mo bá pa á, mo tún un tàn, mo ń tẹ F2 léraléra títí BIOS fi ṣí. Esc, F10 tàbí Del ni ti ẹ̀rọ míì. Mo wò ó bóyá ó rí disk. Ó rí i. Ká ní kò rí i ni, wáyà tàbí disk fúnra ẹ̀ là bá máa yẹ̀ wò. Àfi bí mo ṣe rí aago ibẹ̀: ó ní ọdún 2012 la wà!

Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà, bíi kọ́ìnì, CR2032 lorúkọ ẹ̀. Nínú irú ẹ̀rọ àtijọ́ yìí, òun ló ń bá BIOS rántí aago àti ètò tí ẹ bá ṣe síbẹ̀ nígbà tí kò síná. Tiwa ti kú. Ọ̀nà Legacy ni mo gbà fi Ubuntu sí i, torí ibẹ̀ ni flash mi gbà ṣí. Bí iná ṣe lọ, ẹ̀rọ gbàgbé, ó padà sí UEFI. Ilẹ̀kùn iwájú ló ń kàn, onílé wà lẹ́yìnkùlé.

Mo yí i sí Legacy, mo fi í pamọ́. Ubuntu ṣí, orúkọ àwọn ọmọ pé. Ká ní kò ṣí, flash Ubuntu kan náà ní "Try Ubuntu": ẹ lè fi kó fáìlì jáde láìfi nǹkan kan sórí disk.

A ti pààrọ̀ bátìrì. Ẹ̀dà orúkọ wà lórí flash méjì báyìí, ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá a lọ́wọ́ ẹ̀ fi gba fíìmù.