Bí Ìjọba Bá Ti Ọ̀nà Ọ̀rọ̀ Pa
Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní West End, Atlanta

  Ọ̀rọ̀ ìlera ni àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ yìí máa ń bá yín sọ. Òun náà ni a tún mú wá lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí yín yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Gbogbo wa tí a ní òbí nílé la mọ bí a ti ń tọ́jú wọn láti ìhín. Ìyá á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n á ya àwòrán nọ́ńbà tó jáde, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwa á wò ó, a óò sọ bóyá kí wọ́n gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Àwòrán páálí oògùn la fi ń mọ̀ bóyá ohun tí dókítà kọ ni wọ́n rà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà náà wà? Ọwọ́ ìjọba ni, wọ́n sì ti tì í rí lójú gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2021. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, Ààrẹ Muhammadu Buhari, tó ti di olóògbé báyìí, kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan sórí Twitter, ó sì mẹ́nu ba ogun abẹ́lé nínú rẹ̀. Twitter yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ 4, Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn, kéde pé ìjọba ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. (Orí Twitter náà ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé ìkéde yẹn sí!) Àjọ NCC sì pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù pé kí wọ́n dí ọ̀nà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dí i? Fóònù kì í dá lọ sí ìkànnì kankan. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ra káàdì wọn ló ń gbà kọjá, bí èrò tó gba ẹnu bodè. Bí ìjọba bá ti sọ fún oníbodè pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sílé lágbájá, ilé náà kò wó, onílé kò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa tí a wà ní Atlanta fi ń rí Twitter nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn kò rí i. Títí di ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 2022 ló fi rí bẹ́ẹ̀: 222 ọjọ́ gbáko.

Ẹ má gbàgbé irú àkókò tó jẹ́. Kòrónà ṣì wà níta. Orí Twitter ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ka iye aláìsàn tí àjọ NCDC ń kéde. Oṣù keje ni wọ́n rí irú kòrónà tí wọ́n ń pè ní Delta ní Nàìjíríà; oṣù kẹjọ ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí ìlú nílò ìròyìn jù lọ ni ilẹ̀kùn wà ní títì.

Àwọn kan sọ pé irọ́ pọ̀ lórí Twitter, pé irọ́ ń pani. Àwa nọ́ọ̀sì kò ní jiyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola dé Èkó, ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí àrùn náà má baà ràn wọ́n. Àìmọye ènìyàn ló jí lóru láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn dèrò ilé ìwòsàn, ìròyìn sì wí pé àwọn kan kú. Kí ni wọ́n fi wo àìsàn irọ́ yẹn? Wọn kò ti fóònù ẹnikẹ́ni pa. Àwọn dókítà àti ìjọba jáde sọ òtítọ́ lórí rédíò, lórí fóònù, lórí Twitter kan náà, títí ọ̀rọ̀ fi yé ará ìlú. Wọ́n wá gbogbo ẹni tó bá aláìsàn pàdé rí láti ojúlé dé ojúlé. Ènìyàn 20 ló ní àrùn náà, 8 ló kú, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, àjọ WHO kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. Ẹ fi èyí wé ọdún 2021, kí ẹ sọ èyí tó jọ ìtọ́jú nínú méjèèjì.

Ẹnì kan lè wí pé WhatsApp kọ́ ni wọ́n tì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ọ̀kan lè ti èkejì. Ẹ bi àwọn ará wa tó wà ní Kétu àti Àjàṣẹ́. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò aṣòfin ní Benin, íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo orílẹ̀-èdè náà kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Togo ṣe ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ́de. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má sì fi Áfíríkà rẹ́rìn-ín. Ní òru ọjọ́ 18, oṣù kìíní, ọdún 2025, TikTok ṣókùnkùn lójú ẹ̀yin náà níhìn-ín nítorí òfin tí Amẹ́ríkà ṣe, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. A rántí bí inú ti bí yín tó.

Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá dá Togo lẹ́bi ní ọdún 2020. Ní ọjọ́ 14, oṣù keje, ọdún 2022, ó dá Nàìjíríà náà lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ SERAP àti àwọn mìíràn pè, pé títì tí wọ́n ti Twitter kò bófin mu. A yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ ìdájọ́ yẹn: oṣù mẹ́fà ti kọjá tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lóru kò lè dúró de adájọ́.

Nítorí náà, ohun tí a bẹ̀ yín sí kò le. Ìpè tẹlifóònù lásán kì í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè wọlé nígbà tí WhatsApp bá kú. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí bébà: ti ilé, ti aládùúgbò tó ń lo káàdì ilé-iṣẹ́ mìíràn, àti ti ilé ìwòsàn tàbí kẹ́míìsì tó sún mọ́ òbí yín. Ẹ kọ orúkọ oògùn wọn àti ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí irú bébà kan náà wà nílé lọ́hùn-ún. Ní ti VPN, èyí tó ń mú kí fóònù gba ìlú mìíràn kọjá, ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ fi sórí fóònù kí ọ̀nà tó dí, kí ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí àwọn mìíràn nínú wọn ń ta àṣírí ẹni tó ń lò wọ́n. Ẹ má sì ti àwọn àgbà sí ohun tí òfin ìlú wọn lè fi mú wọn.

Bébà àti bírò wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ kó tó lọ bu ìrẹsì. Ẹni tó bá gbàgbé nọ́ńbà ilé, kó pè wọ́n báyìí. Ilẹ̀ kò tíì ṣú jù lọ́hùn-ún. A ti ṣe tán láti gba ìbéèrè.