Bí Ẹgbẹ́ Méjì Bá Dọ́gba, Ta Ni Yóò Lọ?

Bí àwọn ọ̀dọ́ Abúlé Adó, nítòsí Festac, bá kó ẹgbẹ́ mẹ́rin jọ láti fi bọ́ọ̀lù díje, tí ẹgbẹ́ méjì sì ní iye àmì kan náà ní ìparí, èwo ni yóò gba ife? Ẹnìkan lè ní kí a ka góòlù. Ẹlòmíràn lè ní kí a wo ẹni tí ó na ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n máa ń yọrí sí lè yàtọ̀.

Ojú Nàìjíríà ti rí i rí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ìdíje àtilọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2006 parí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà na Zimbabwe ní góòlù 5 sí 1 ní Àbújá. Àǹgólà na Rwanda ní 1 sí òdo ní Kigali. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10, àmì 21 ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní. Góòlù tí Nàìjíríà gbá wọlé fi 14 ju èyí tí wọ́n gbá sínú àwọ̀n rẹ̀ lọ. 6 péré ni ti Àǹgólà fi jù. Síbẹ̀, Àǹgólà ni ó lọ sí Jámánì.

Kí ni ó fa èyí? Òfin ìdíje náà ni pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn méjì tí ó dọ́gba ni a ó kọ́kọ́ wò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, Àǹgólà na Nàìjíríà ní 1 sí òdo ní Luanda; ní oṣù kẹfà ọdún 2005, wọ́n ta ọ̀mì 1 sí 1 ní Kánò. Góòlù 5 tí a gbá sínú àwọ̀n Zimbabwe kò lè pa èyí rẹ́. Bí ó bá ṣe pé Nàìjíríà borí ní Kánò ni, àmì 23 ni ì bá ní, Àǹgólà ì bá sì ní 20.

Irú òfin yìí ni àjọ NFL ń lò ní Amẹ́ríkà, fún bọ́ọ̀lù tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ọwọ́ gbé sáré. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà níbẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe láti ọdún 2021. Nítorí náà, gbogbo wọn kò lè pàdé. Mẹ́rin-mẹ́rin ni a pín wọn sí ìsọ̀rí. Bí méjì nínú ìsọ̀rí kan bá dọ́gba, a ó kọ́kọ́ wo ìpàdé àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ti ṣe sí nínú ìsọ̀rí wọn. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ti ṣe sí àwọn alátakò tí àwọn méjèèjì jọ bá pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ ní ìpele-ìpele, títí dé orí jíju owó ẹyọ sókè.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kò lè dé orí kèké. Ní ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2015, ọ̀mì 1 sí 1 ni Gínì àti Mali ta nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe. Kèké ni a ṣẹ́ ní Malabo. Gínì ni ó mú.

Kò sí òfin tí kò ní àbùkù tirẹ̀. Ẹni tí ó ń ka góòlù lè san ẹ̀san fún ẹni tí ó na aláìlera ní ìnà púpọ̀. Ẹni tí ó ń wo ìpàdé méjì lè jẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo bo iṣẹ́ ọdún kan mọ́lẹ̀. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé kí a kọ òfin náà sílẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ̀ ọ́n, kí rìférí tó fọn fèrè àkọ́kọ́. Òfin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìdíje, ojúsàájú ni yóò jẹ́ lójú ẹni tí ó pàdánù, ìbáà ṣe ní Abúlé Adó tàbí ní Amẹ́ríkà.